Ìbò 148 sí 5: bí àwọn ará Tristan da Cunha ṣe padà sílé

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1962, wọ́n ní kí àwọn àgbàlagbà kan tó ń gbé ní Calshot, lẹ́bàá Southampton ní Ìlú Ọba, wá dìbò. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ kò lọ́jú pọ̀ rárá: ṣé ẹ máa dúró síbí, àbí ẹ fẹ́ padà sí erékùṣù yín? Ènìyàn 148 ní àwọn ń lọ sílé. Márùn-ún péré ló ní àwọn fẹ́ dúró. Bẹ́ẹ̀, ilé tí wọ́n ń wí yìí wà ní ẹsẹ̀ òkè tó yọ iná ní ọdún tó kọjá. Kò ní pápákọ̀ òfurufú, kò ní èbúté tó ṣeé gbọ́kàn lé, ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ń mówó wọlé fún wọn sì ti wà lábẹ́ òkúta. Ní Calshot, ilé wà, iná mànàmáná wà, iṣẹ́ tó ń mówó wọlé wà, ilé ìwòsàn ò sì jìnnà.

Ọ̀rọ̀ náà ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu nígbà náà, ó sì ń ya ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu títí dòní. Èmi ò rò pé ó yẹ kó yani lẹ́nu. Ẹni tó bá mọ irú ìlú tí wọ́n ti wá, tó mọ bí wọ́n ṣe ń pín iṣẹ́ àti oúnjẹ láàárín ara wọn, á rí i pé èsì tí wọ́n fọ̀ fún ìjọba bọ́gbọ́n mu. Ohun tí ìjọba fún wọn ní Calshot, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi gbà á. Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ lẹ́yìn, àjùmọ̀ní ni.

Tristan da Cunha wà láàárín gbùngbùn gúúsù òkun Àtìláńtíìkì. Láti ibẹ̀ dé Cape Town ní Gúúsù Áfíríkà tó nǹkan bíi kìlómítà 2,800. Saint Helena, tó jẹ́ ibi tó sún mọ́ ọn jù tí ìlú wà, jìnnà sí i ju kìlómítà 2,400 lọ. Kò sí ìlú míì láyé tó dá wà tó bẹ́ẹ̀. Erékùṣù náà fúnra rẹ̀, òkè ayọnáyèéfín kan ni tó yọrí láti inú omi, ṣóńṣó rẹ̀ sì ga ju mítà 2,000 lọ. Ẹ̀gbẹ́ òkè yìí já ṣánṣán wọ òkun ní ọ̀pọ̀ ibi, àfi ní ìhà àríwá ìwọ̀ oòrùn níbi tí ilẹ̀ pẹrẹsẹ tóóró kan wà. Orí ilẹ̀ yìí ni wọ́n tẹ ìlú dó sí. Edinburgh of the Seven Seas ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, láti ìgbà tí ọmọ Ọbabìnrin Victoria kan, tí oyè rẹ̀ jẹ́ Duke of Edinburgh, ti bẹ̀ wọ́n wò ní 1867.

Ní 1816 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó ọmọ ogun lọ síbẹ̀. Wọ́n ti fi Napoleon sí àhámọ́ ní Saint Helena, wọn ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba Tristan wá yọ ọ́. Nígbà tó di 1817, wọ́n ní kí àwọn ọmọ ogun náà máa bọ̀. Kọ́pórà kan láti ilẹ̀ Scotland, William Glass, tọrọ àyè láti dúró pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀, ọkùnrin méjì míì sì bá a dúró. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò pọ̀: ẹran ọ̀sìn àti ẹrù jẹ́ ti gbogbo wọn lọ́gbọọgba, èrè tó bá wọlé, ọgbọọgba ni wọn yóò pín in, ìnáwó náà, ọgbọọgba ni, àti pé kí àlàáfíà lè jọba, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ara rẹ̀ ṣe ọ̀gá lórí ẹnì kejì. Glass tó jẹ́ pé òun ni wọ́n ń wò bí olórí tọwọ́ bọ̀ ọ́ bíi tàwọn yòókù. Mo fẹ́ kí ẹ fi ìwé yìí sọ́kàn, nítorí àwọn tó dìbò ní Calshot ní ọdún 145 lẹ́yìn náà, ọmọ inú ìwé yìí ni wọ́n.

Díẹ̀díẹ̀ ni ìlú kún. Ní 1827, obìnrin márùn-ún wọkọ̀ láti Saint Helena wá fẹ́ àwọn ọkùnrin tí kò níyàwó. Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà wà lára wọn wà nínú wọn. Àwọn atukọ̀ tí ọkọ̀ wọn rì dara pọ̀ mọ́ wọn: Pieter Groen, ará Netherlands, dé ní 1836, òun ni orírun ìdílé Green, àwọn ará Italy méjì, Repetto àti Lavarello, dé ní 1892. Orúkọ ìdílé méje ló wá gbilẹ̀ ní ìlú náà: Glass, Swain, Green, Rogers, Hagan, Repetto, Lavarello. Ní oṣù Kọkànlá 1885, ọkùnrin 15 tukọ̀ jáde lọ pàdé ọkọ̀ ńlá kan tó ń kọjá kí wọ́n lè bá a ṣe pàṣípààrọ̀ ẹrù. Kò sí ìkankan nínú wọn tó padà. Ìlú tí kò ní ju ìwọ̀nba ọkùnrin lọ pàdánù èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ní ọjọ́ kan, ó di ìlú opó. Àwọn tó kù ló jọ gbé e ró.

Ní Tristan, ẹnikẹ́ni kì í ra ilẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í tà á. Gbogbo ìlú ló nilẹ̀. Àlejò kò lè wá tẹ̀ dó síbẹ̀, bó ti wù kówó rẹ̀ pọ̀ tó. Iye màlúù àti àgùntàn tí agboolé kan lè sìn ní òdiwọ̀n, kí ẹran ẹnì kan má baà jẹ koríko gbogbo ayé tán.

Oko pòtétò wọn wà ní ìwọ̀ oòrùn ìlú, ìrìn bíi kìlómítà márùn-ún. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ á rí ògiri òkúta kúkúrú kúkúrú tó yí ilẹ̀ oko ká, ọ̀kan ti ọ̀kan lẹ́yìn, títí dé etí òkun. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò ṣeé bá ṣeré, ó lè wú irúgbìn tàbí kó fi iyọ̀ òkun sun ewé rẹ̀ láàárín òru kan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń mọ ògiri. Ìdílé kọ̀ọ̀kan mọ ojú oko tirẹ̀. Wọ́n ṣe ahéré kéékèèké síbẹ̀, tí wọ́n ń lọ fi ìsinmi ṣe fàájì. Pòtétò yìí ni oúnjẹ, òun náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ owó: kó tó di pé àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ibùdó síbẹ̀ ní 1942, owó kì í kọjá lọ́wọ́ wọn. Ní 1946 pàápàá, wọ́n tẹ àwòṣe sítáǹbù kan tí wọ́n kọ iye rẹ̀ sí i lára báyìí: pẹ́nì kan, tàbí pòtétò mẹ́rin.

Igi tó ṣeé fi kan ọkọ̀ kò sí ní erékùṣù náà, nítorí náà láyé ìgbà yẹn, wọ́n máa ń fi ìwọ̀nba igi ṣe egungun ọkọ̀, wọ́n á ta aṣọ ìgbòkùn bò ó, wọ́n á kùn ún lọ́dà. Àwọn ọkùnrin mélòó kan ló ń jọ ni ọkọ̀ kan. Wọ́n á fi ìgbòkùn gbé e lọ sí erékùṣù Nightingale láti kó ẹyin ẹyẹ òkun, ọ̀rá ẹyẹ, àti ìgbẹ́ ẹyẹ tí wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀. Àwọn ọkọ̀ náà máa ń lọ pọ̀ ni, wọ́n sì ń bọ̀ pọ̀. Ẹni tó bá dá lọ, tó kan ìjì, kò sí ẹni tó máa gbọ́ igbe rẹ̀. Títí di òní, ní àárọ̀ ọjọ́ tí òkun bá rọlẹ̀, wọ́n á lu agogo irin kan láàárín ìlú. Ẹni tó bá gbọ́ ọ mọ̀ pé ọjọ́ ẹja ti dé, iṣẹ́ yòówù kó máa ṣe, á gbé e sílẹ̀.

Ilé wọn nígbà náà, òkúta ni ògiri rẹ̀, ewé gígùn kan tó le bí okùn ni wọ́n fi ń bo òrùlé rẹ̀. Ẹni tí òrùlé rẹ̀ bá ti gbó kì í dá a ṣe. Ọ̀wẹ̀ ni. Àwọn ọkùnrin á gun orí ilé, àwọn obìnrin á dáná nísàlẹ̀, onílé á pa àgùntàn. Wọn kì í kọ orúkọ ẹni tó wá sílẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ìlú mọ ẹni tí kò wá.

Wọ́n mọ fàájì ṣe pẹ̀lú. Láti ìgbà tí ọkọ̀ Henry B. Paul ti fàyà sọlẹ̀ létí òkun wọn ní 1882 ni eku ti bọ́ sílẹ̀, tó sì di ọ̀tá oko. Nítorí náà wọ́n ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́dọọdún tí gbogbo ìlú á kó ajá jáde lọ sí oko pòtétò, wọ́n á tú ògiri òkúta, wọ́n á pa eku, ẹgbẹ́ tí ìrù eku wọn bá gùn jù á gba ẹ̀bùn, jíjẹ mímu á sì tẹ̀ lé e. Ní alẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún, àwọn ọ̀dọ́kùnrin á wọ ẹ̀kú, wọ́n á bo ojú, wọ́n á máa lé àwọn ọmọbìnrin kiri àdúgbò, wọ́n á máa wọlé dé ilé. Okalolies ni wọ́n ń pè wọ́n. Èèyàn kì í sọ ẹni tó wà nínú ẹ̀kú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlú náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi mọ ìrìn ara wọn. Ọmọ Yorùbá tó bá rí wọn kò ní béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ìlú tí mo ń sọ nìyí, ènìyàn 264 ló wà nínú rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí mì ní oṣù Kẹjọ 1961. Ní àkọ́kọ́, ìmìtìtì díẹ̀díẹ̀ ni. Nígbà tó di ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá, òkúta ń ya lulẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ òkè. Lọ́jọ́ kejì, ilẹ̀ là ní ìlà oòrùn ìlú, kò jìnnà sáwọn ilé tó wà ní ìpẹ̀kun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí wú sókè lójú gbogbo ènìyàn. Alákòóso tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán síbẹ̀, Peter Wheeler, àti àwọn olórí ìlú fẹnu kò pé kí gbogbo ènìyàn jáde. Ibo ni wọ́n sá lọ? Oko pòtétò. Ibẹ̀ ni wọ́n sùn lóru ọjọ́ náà, nínú ahéré àti lẹ́bàá ògiri, arúgbó àti ọmọ ọwọ́ papọ̀. Ní ọjọ́ 10, ọkọ̀ apẹja méjì, Tristania àti Frances Repetto, kó wọn lọ sí Nightingale. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọkọ̀ àwọn ará Netherlands tó ń jẹ́ Tjisadane wá gbé wọn lọ sí Cape Town. Ọkọ̀ Stirling Castle ló gbé wọn dé Southampton ní ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá. Kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó kú nínú ìṣílọ náà. Fún ìlú tí kò ní èbúté, tí òkun rẹ̀ ti pa ọkùnrin 15 ní ọjọ́ kan, iṣẹ́ ńlá gbáà ni, ìyìn rẹ̀ sì yẹ àwọn tó tukọ̀.

Wọ́n kọ́kọ́ kó wọn sí bárékè kan ní Surrey. Nígbà tó di oṣù Kìíní 1962, wọ́n kó wọn lọ sí Calshot, sínú àwọn ilé tí àwọn ọmọ ogun òfurufú ń gbé tẹ́lẹ̀. Mi ò ní purọ́ mọ́ ìjọba: wọ́n gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, ará ìlú dá owó àti aṣọ fún wọn, wọ́n bá wọn wá iṣẹ́, àwọn ọmọ wọn wọ ilé ẹ̀kọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tètè mọ ibẹ̀ lára. Ṣùgbọ́n òtútù àti àìsàn ọ̀fìnkìn kò jẹ́ kí wọ́n gbádùn. Ará erékùṣù tí ọkọ̀ kì í dé lemọ́lemọ́ ni wọ́n, àìsàn tí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi ọ̀sẹ̀ kan sín kọjá lè dá wọn dùbúlẹ̀. Àwọn arúgbó kan kú sí ìlú àjèjì. Àwọn dókítà wá yẹ̀ wọ́n wò, àwọn onímọ̀ èdè wá gba ohùn wọn sílẹ̀, àwọn oníròyìn ò sì jẹ́ kí wọ́n sinmi.

Ohun tó dùn wọ́n jù, lójú tèmi, kò sí nínú ìwé dókítà kankan. Ní Calshot, ọkọ á lọ síbi iṣẹ́ tirẹ̀, ìyàwó á lọ sí tirẹ̀, owó á wọlé ní òpin ọ̀sẹ̀, yóò sì tán kí ọ̀sẹ̀ tó yípo. Kò sí agogo tó ń pè wọ́n jáde papọ̀. Bí òrùlé bá ń jò, ọ́fíìsì kan ni wọ́n á kọ̀wé sí. Àwọn ènìyàn tí bàbá ńlá wọn ti tọwọ́ bọ̀wé pé ẹnikẹ́ni kò ní jẹ́ ọ̀gá lórí ẹnì kejì, gbogbo wọn ló wá di ọmọ iṣẹ́ ẹlòmíràn láàárín oṣù mélòó kan.

Ìrètí ìjọba ni pé tó bá yá, wọ́n á gbàgbé. Wọ́n ti rò pé kò sí ohun tó kù ní Tristan tí ẹnikẹ́ni á padà sí. Ẹgbẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti Royal Society lọ síbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1962, ohun tí wọ́n rí sì yàtọ̀. Òkúta yíyọ́ ti bo ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń dí edé ńlá òkun sínú agolo, ó ti bo etí òkun tí ọkọ̀ ti ń gúnlẹ̀. Àwọn ajá tí wọ́n fi sílẹ̀ ti ya ẹhànnà, wọ́n ti pa àgùntàn. Ṣùgbọ́n ilé ẹyọ kan péré ló bà jẹ́ nínú gbogbo ìlú. Ìròyìn yìí dé Calshot, kò sì sí ohun tó tún lè pa ẹnu wọn mọ́. Willie Repetto, olórí ìlú, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ̀wé, wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀, pé àwọn fẹ́ lọ sílé. Ní oṣù Kẹsàn-án 1962, ọkùnrin 12 nínú wọn padà lọ ṣáájú: wọ́n tún ilé ṣe, wọ́n kọ ebè, wọ́n gbin pòtétò. Ìgbà tí ìjọba rí i pé wọn ò ní dákẹ́ ló gbé ìbò kalẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé àwọn arúgbó ló fi ipá mú ọmọ. Èmi ò gbà. Ìbò bòńkẹ́lẹ́ ni, ìwé tí ẹnì kọ̀ọ̀kan dì, òun nìkan ló rí i. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá fẹ́ dúró lóòótọ́, iye tó ní àwọn ò lọ á ju márùn-ún lọ. Àwọn ọmọ tó ti jó nílé ijó, tó ti gba owó ọ̀sẹ̀, tó ti gun bọ́ọ̀sì, àwọn náà wà nínú 148 yẹn.

Apá kan wọn gúnlẹ̀ ní oṣù Kẹrin 1963. Àwọn tó pọ̀ jù bá ọkọ̀ Bornholm dé ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá. Ìdí ọ̀wẹ̀ ni wọ́n bọ́ sí tààrà. Wọ́n tún òrùlé bò, wọ́n tún ògiri oko tò, wọ́n pín ẹran tó kù. Wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ edé tuntun. Nígbà tó di 1967, wọ́n ṣí èbúté kékeré kan tí ọkọ̀ wọn lè sá sí, Calshot Harbour ni wọ́n sì sọ ọ́, kí wọ́n má baà gbàgbé ibi tó gbà wọ́n. Ní Calshot pẹ̀lú, àdúgbò kan ń jẹ́ Tristan Close títí dòní.

Kò sí ẹni tó padà dé tó tún rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti mọ ohun tí owó lè rà. Ní 1966, àwọn bíi 35 kó ẹrù, wọ́n ní àwọn tún ń padà sí Ìlú Ọba. Ìlú ò bú wọn, wọn ò sì di wọ́n lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn tún wá sílé nígbà tó yá, wọ́n sì bá ojú oko wọn níbi tí wọ́n fi í sí. Ìlànà ilẹ̀ ló jẹ́ kí ìyẹn ṣeé ṣe: ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè tà, ẹnikẹ́ni ò ní rà á lẹ́yìn rẹ.

Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ báyìí lé díẹ̀ ní igba. Ọkọ̀ láti Cape Town ṣì ń gbà tó ọ̀sẹ̀ kan lórí omi, bí ìgbì bá sì ga, ó lè dúró ní ìta èbúté fún ọjọ́ mélòó kan láìlè já ẹrù. Ìgbìmọ̀ ìlú ní ènìyàn 11, mẹ́jọ nínú wọn ni ará ìlú ń dìbò yàn, ìbò náà ni wọ́n fi ń yan olórí ìlú. Ìgbìmọ̀ yìí ló fọwọ́ sí i ní 2020 pé kí wọ́n ti òkun tó yí erékùṣù wọn ká mọ́ àwọn apẹja ńlá, ó lé ní 687,000 kìlómítà onígun mẹ́rin. Edé ni gbogbo ìlú fi ń jẹun, wọn ò sì dẹ́kun pípa á; ìtòsí etí òkun tiwọn ni wọ́n ti ń pa á, iye tí wọ́n lè kó lọ́dún sì ní òdiwọ̀n, gẹ́gẹ́ bí iye àgùntàn ti ní òdiwọ̀n fún agboolé kọ̀ọ̀kan.